Ìdákẹ́ Ni Ọ̀tá Lẹ́tà Tí Ẹ̀rọ Ń Kọ

Nínú gbogbo ohun tí ápù orí wẹ́ẹ̀bù ń ṣe, ímeèlì ló ń kúrò lọ́wọ́ wa pátápátá. Ojú ewé tó ní àṣìṣe, a lè tún un ṣe láàárọ̀, kí ẹni tó wọlé lọ́sàn-án má tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ímeèlì ò rí bẹ́ẹ̀: ẹyin ni, tó bá ti balẹ̀, kò ṣeé kó. Ẹni tó sì ń dúró dè é, nǹkan sábà máa ń ká a lára. Ó gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù nígbà tó fẹ́ ra iná. Ó san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, ó ń retí rísíìtì. Ó forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, ó fẹ́ mọ ibi tí òun máa ti ṣe é. Láàárín àwa tí à ń kọ kóòdù, iṣẹ́ ọmọṣẹ́ ni wọ́n ka ọ̀rọ̀ ímeèlì sí: ìlà kóòdù mẹ́ta, ó parí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é, n kò sì gbà pé ó kéré. Àṣìṣe tó ń pariwo kọ́ ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Èyí tó dákẹ́ ni.

Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é rọrùn láti sọ. Ẹnì kan á kọ àdàkọ lẹ́tà, á fi àlàfo sílẹ̀ fún orúkọ, fún iye owó, fún líǹkì. Nígbà tí oníbàárà bá sanwó, sáfà á mú àdàkọ náà, á fa dátà ẹni yẹn yọ, á fi dí àwọn àlàfo, á wá gbé lẹ́tà tó jáde fún sáfà mìíràn tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ ìfìwéránṣẹ́. SMTP ni èdè tí àwọn méjèèjì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Jonathan Postel ló kọ ìlànà rẹ̀ jáde ní 1982, nínú ìwé tí wọ́n pè ní RFC 821, ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn tí Ray Tomlinson fi ímeèlì àkọ́kọ́ ránṣẹ́ láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn lórí ARPANET, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ṣáájú íńtánẹ́ẹ̀tì. Títí dòní, nọ́ńbà ni sáfà tó ń gba lẹ́tà fi ń dáhùn. 250 ń sọ pé mo ti gbà á. Èyí tó bá fi 4 bẹ̀rẹ̀ ń sọ pé ẹ padà wá tó bá yá. Èyí tó bá fi 5 bẹ̀rẹ̀ ń sọ pé ẹ má padà wá mọ́. Kò sí èyí nínú wọn tó ń sọ pé ẹni tí a kọ lẹ́tà sí ti rí i.

Ṣùgbọ́n kí lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ SMTP rárá, ìdákẹ́ ti wà nínú àdàkọ fúnra rẹ̀. Nínú Django, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ́ ápù wẹ́ẹ̀bù, bí àdàkọ bá béèrè ohun tí kò sí, bóyá nítorí pé ẹnì kan yí orúkọ dátà padà lánàá tí kò rántí lẹ́tà, Django kò ní sọ nǹkan kan. Á fi òfìfo síbẹ̀, lẹ́tà á sì lọ. Irinṣẹ́ àdàkọ Jinja2 náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí ẹ kò bá kìlọ̀ fún un. Ní ti ojú ewé wẹ́ẹ̀bù, ọgbọ́n wà níbẹ̀, torí ó sàn kí ojú ewé ṣí pẹ̀lú àlàfo kan ju kó má ṣí rárá. Lẹ́tà yàtọ̀. "A ti gba owó yín, ₦, fún sáà kejì." Ẹni tó bá gba irú lẹ́tà yìí á rò pé àwọn gbájúẹ̀ ló kọ ọ́, kò sì jẹ̀bi. Jinja2 ní ohun kan tó ń jẹ́ StrictUndefined: tí ẹ bá ti fi sí i, àlàfo tí kò rí ohun tí wọ́n máa fi dí i á dá iṣẹ́ dúró, á sì pariwo. Mo máa ń fi sí gbogbo àdàkọ ímeèlì, n kò sì tíì rí ìdí kan tó fi yẹ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́. Kí lẹ́tà kan má lọ, kí n sì mọ̀, ó sàn fún mi ju kí ẹgbẹ̀rún lẹ́tà lọ pẹ̀lú ihò nínú.

Orúkọ ló le jù, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró sí pẹ́. Àpótí orúkọ méjì tó wà nínú fọ́ọ̀mù wa, ilẹ̀ òkèèrè la ti kó o wá, níbi tí orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ ti máa ń ṣáájú. Ní Nàìjíríà, orúkọ ìdílé ni fọ́ọ̀mù iléèwé àti ti ìjọba sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè, ọwọ́ èèyàn sì ti mọ́ ọn. Wọ́n á kọ orúkọ ìdílé sínú àpótí àkọ́kọ́, àdàkọ á wá mú un, á ní "Adéyẹmí, ẹ káàbọ̀." Bàbá ẹni náà ló kí. Àwọn mìíràn á kọ "Alhaja" síbẹ̀, ó sì tọ́ sí wọn láti kọ ọ́, torí bí àdúgbò ṣe ń pè wọ́n nìyẹn. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń béèrè lọ́tọ̀: orúkọ wo lẹ fẹ́ ká máa fi kọ̀wé sí yín? Ohun tí wọ́n bá kọ, òun gan-an ni mo ń lò, bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Mo ní bí wọ́n ṣe kọ ọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ àdàkọ ló ń tún orúkọ ṣe. Wọ́n á ní kí lẹ́tà àkọ́kọ́ tóbi, kí ìyókù kéré, kó lè dáa lójú. Ẹ fi orúkọ Ṣẹ́gun, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, sínú iṣẹ́ tí èdè kóòdù Python ń pè ní title. Ohun tó máa jáde ni "Ṣẹ́Gun". Ìdí rẹ̀ ni pé Unicode, àtòjọ àmì ìkọ̀wé tí kọ̀ǹpútà ń lò, kò ní ààyè kan ṣoṣo fún ẹ́. Ẹ tó ní àmì lábẹ́ dá dúró, àmì ohùn tó wà lórí rẹ̀ náà dá dúró. Python bá àmì ohùn náà pàdé, kò kà á sí lẹ́tà, ó rò pé ọ̀rọ̀ tuntun ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó wá sọ g di ńlá. Bí ẹ bá gé orúkọ kúrú kó lè wọ ibi tóóró, ọ̀bẹ lè bọ́ sáàárín ẹ àti àmì rẹ̀, kí ohùn orúkọ náà sì yí padà. Bí àkójọ dátà tàbí ibì kan lójú ọ̀nà bá ṣì wà lórí Latin-1, àtòjọ àtijọ́ tí kò ní àwọn àmì yìí, Ṣẹ́gun á di àmì ìbéèrè mẹ́ta tí gun tẹ̀ lé. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ láìsí àṣìṣe kankan nínú ìwé àkọsílẹ̀ sáfà. Nítorí náà ni àwọn tó ń ṣe irú ápù yìí ṣe ń rò pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tí àwọn èèyàn wa sì ń kọ́ láti yọ àmì kúrò lórí orúkọ tí òbí sọ wọ́n kí kọ̀ǹpútà má bàa bà á jẹ́. Èyí máa ń dùn mí. Orúkọ kì í ṣe ohun tó yẹ kéèyàn dín kù nítorí pé ẹni tó kọ kóòdù kò dán an wò.

Àkọlé lẹ́tà ní wàhálà tirẹ̀. Lẹ́tà ABC ti Amẹ́ríkà lásán ni àkọlé ímeèlì lè gbé láti ìpìlẹ̀. Ní 1992, nígbà tí Nathaniel Borenstein àti Ned Freed gbé MIME jáde kí ímeèlì lè gba onírúurú èdè, àwòrán àti fáìlì, Keith Moore kọ ìwé tó tẹ̀ lé e, RFC 1342, tó fi hàn bí a ṣe lè di lẹ́tà tí kò sí nínú ABC yẹn kó lè wọ inú àkọlé. Àwọn irinṣẹ́ tó dáa, bíi Nodemailer àti PHPMailer, ń bá wa ṣe é. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ so àkọlé pọ̀ fúnra rẹ̀ ló máa ń rí i pé "Ẹ káàbọ̀" dé ọ̀dọ̀ oníbàárà bí ohun tí kò ṣeé kà.

Tí lẹ́tà bá máa jẹ́ Yorùbá, ìbéèrè mìíràn tún yọjú: "o" àbí "ẹ"? Ápù kò mọ ọjọ́ orí ẹni tó ń kọ̀wé sí, bó bá sì mọ̀ ọ́n, kò mọ ipò rẹ̀ láàárín àwọn èèyàn rẹ̀. Èmi máa ń lo "ẹ" fún gbogbo èèyàn láìwo ojú ẹnì kan. Ọ̀dọ́ tí a bá fi "ẹ" kí kò ní bínú. Àgbà tí a bá fi "o" kí á pa ápù náà tì. Níbi iye nǹkan, èdè wa tilẹ̀ rọrùn ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ wa kì í yí padà bóyá ọjà kan ni tàbí ogún. CLDR, àkójọ dátà èdè tí Unicode ń tọ́jú, ọ̀nà kan ṣoṣo ló yà sọ́tọ̀ fún iye nínú èdè Yorùbá. Àkójọ kan náà ló ya Yorùbá Nàìjíríà àti ti Benin sọ́tọ̀, nítorí pé ɛ àti ɔ ni wọ́n ń kọ lọ́hùn-ún dípò ẹ àti ọ. Ẹni tó bá ní oníbàárà ní Kétu àti ní Abẹ́òkúta kò gbọdọ̀ fi àdàkọ kan náà ránṣẹ́ sí wọn.

Benin ló rán mi létí àwọn d'Almeida. Láti ìgbà tí àwọn Àgùdà ti padà dé láti Brazil sí etíkun wa, ìdílé tó ń jẹ́ d'Almeida wà ní Èkó, ní Àgùé, ní Ouidah. Django máa ń yí àmì tó lè di kóòdù padà kí ẹnikẹ́ni má bàa fi orúkọ rẹ̀ tan HTML jẹ. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ má pa á. Ṣùgbọ́n ó ń ṣe é fún gbogbo àdàkọ, títí kan èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán tí kò ní HTML nínú. Nínú lẹ́tà ọ̀rọ̀ lásán, d'Almeida á di "d'Almeida". Ohun tó yẹ ni pé kí ẹ pa ààbò yẹn nínú àdàkọ ọ̀rọ̀ lásán nìkan, kí ẹ fi í sílẹ̀ nínú ti HTML. Jinja2 lè fi irú fáìlì dá wọn mọ̀ yàtọ̀ tí ẹ bá sọ fún un. Nígbà tí a bá sì fi àdàkọ kọ àkọlé, ẹ yọ ìlà tuntun tó wà níparí fáìlì kúrò. Django kì í gbà kí àkọlé tó ní ìlà tuntun kọjá, ó sì jàre, nítorí ojú ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́ṣà ń gbà fi àdírẹ́sì tiwọn kún lẹ́tà.

Àwọn ọlọ́ṣà yìí mọ àdàkọ wa ju bí a ṣe rò lọ. Ọgbọ́n kan tí wọ́n ń dá ni pé wọ́n á lọ sórí fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀, wọ́n á kọ ímeèlì ẹni tí wọ́n fẹ́ lù ní jìbìtì, wọ́n á wá kọ sínú àpótí orúkọ pé "O ti jẹ owó ńlá" pẹ̀lú líǹkì lẹ́yìn rẹ̀. Ápù wa, tó fẹ́ ṣe ọ̀yàyà, á kí i: "Ẹ káàbọ̀, O ti jẹ owó ńlá." Orúkọ iléeṣẹ́ wa ni lẹ́tà jìbìtì náà gùn dé ibẹ̀. Ẹ fi ìwọ̀n sí bí orúkọ ṣe lè gùn tó, ẹ má gba líǹkì nínú rẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí lẹ́tà àkọ́kọ́, kí ẹni náà tó fi hàn pé òun ló ni àdírẹ́sì, wà láìsí orúkọ rárá. Ohun tó tún léwu ju ìyẹn lọ ni kí a mú ọ̀rọ̀ tí oníbàárà kọ, kí a sì sọ ọ́ di àdàkọ fúnra rẹ̀. Ní 1999 a lè má mọ̀. Láti 2015 tí onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà, James Kettle, ti fi han gbogbo ayé bí wọ́n ṣe lè gba sáfà lọ́wọ́ olówó rẹ̀ láti ojú àlàfo àdàkọ, kò sí àwáwí mọ́. Ọ̀rọ̀ oníbàárà gbọ́dọ̀ wọ inú àlàfo. Kò gbọdọ̀ di ìwé tí àlàfo wà nínú rẹ̀.

Líǹkì àtiyí pásíwọ́ọ̀dù padà náà nílò ojú tó mọ́. Ẹ fi orúkọ ìkànnì yín sínú ètò ápù, kí àdàkọ máa mú un láti ibẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó mú un láti inú ìbéèrè tó wọlé, nítorí ẹni tó rán ìbéèrè náà lè kọ orúkọ ìkànnì tirẹ̀ sí i, kí sáfà yín sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ líǹkì ọlọ́ṣà sí oníbàárà. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ní ẹ̀rọ tó ń ṣí gbogbo líǹkì inú ímeèlì láti yẹ̀ ẹ́ wò kí òṣìṣẹ́ tó rí i. Bí líǹkì yín bá jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, tó sì ń parí lọ́gán tí wọ́n bá ṣí i, ẹ̀rọ yẹn ló máa lò ó. Ẹ jẹ́ kí líǹkì ṣí ojú ewé tó ní bọ́tìnnì, kó jẹ́ títẹ bọ́tìnnì ló máa parí rẹ̀. Àti pé nílẹ̀ wa níbí, ọ̀pọ̀ èèyàn ló jẹ́ pé ọmọ kafé tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n ló bá wọn ṣí ímeèlì, tí ẹni yẹn sì ṣì mọ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Ohun tí kò bá yẹ kí ẹlòmíràn kà, bíi nọ́ńbà BVN tàbí èsì àyẹ̀wò ilé ìwòsàn, ẹ má kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Ẹ sọ fún ẹni náà pé ó ti dé, kó wá wọlé wò ó.

Ti aago, mo fẹ́ fi gbólóhùn díẹ̀ kún un. UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé, ni ọ̀pọ̀ sáfà ń lò, wákàtí kan ni Nàìjíríà fi ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó sanwó ní aago méjìlá ààbọ̀ òru, ọjọ́ àná ló máa rí lórí rísíìtì tí àdàkọ kò bá yí aago padà. Tó bá jẹ́ pé ọjọ́ àná ni gbèdéke, ẹjọ́ ti wọ̀ ọ́ nìyẹn, àwa la sì dá a sílẹ̀.

Ní ti ẹwà lẹ́tà, n kì í pẹ́ níbẹ̀. Láti ẹ̀dà 2007, ẹ̀rọ Microsoft Word ni Outlook orí Windows fi ń gbé HTML lẹ́tà jáde. Outlook tuntun ti fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n èyí àtijọ́ ṣì pọ̀ ní ọ́fíìsì. Ìdí nìyẹn tí àwa tó ń kọ ímeèlì ṣì fi ń lo tábìlì HTML bí ẹni pé ọdún 1998 la wà. Gmail máa ń gé lẹ́tà tó bá ju nǹkan bíi 102 kílóbáìtì lọ. Ohun tí mo ka sí pàtàkì ni pé kí lẹ́tà ní ọ̀nà méjì nínú, ọ̀rọ̀ lásán kọ́kọ́, HTML tẹ̀ lé e, torí MIME ní èyí tó kẹ́yìn ló dára jù lójú ẹni tó kọ ọ́. Ẹni tí dátà ń jẹ lówó, àti ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tó ń fi ẹ̀rọ ka ìwé, ọ̀rọ̀ lásán yẹn ni lẹ́tà wọn.

Ìgbà wo ló yẹ kí lẹ́tà lọ? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ kóòdù ti ń ṣìnà. Wọ́n á kọ ọ́ pé tí ẹnì kan bá tẹ bọ́tìnnì, kí sáfà kọ owó sílẹ̀, kó fi ímeèlì ránṣẹ́, kó tó dá ẹni náà lóhùn. Ìlànà SMTP sì ní kí ẹni tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ ní sùúrù tó ìṣẹ́jú 10 fún ìdáhùn tó kẹ́yìn. Ta ló máa dúró níwájú fóònù fún ìṣẹ́jú 10? Á tún bọ́tìnnì tẹ̀. Èyí tó burú jù ni kí lẹ́tà ti lọ pé owó wọlé, kí àkójọ dátà wá kọ̀ láti gba àkọsílẹ̀ náà, kí gbogbo rẹ̀ padà sẹ́yìn. Ẹni náà ní rísíìtì lọ́wọ́ fún owó tí ẹ kò rí. Django ní on_commit fún èyí: lẹ́tà kì í gbéra títí dìgbà tí àkọsílẹ̀ bá fẹsẹ̀ múlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kó lọ tò sórí ìlà, kí òṣìṣẹ́ mìíràn bíi Celery tàbí Sidekiq máa gbé e lọ́kọ̀ọ̀kan, kó máa tún un gbìyànjú tí ìdáhùn bá fi 4 bẹ̀rẹ̀, kó sì jáwọ́ tó bá fi 5 bẹ̀rẹ̀.

Àtúngbìyànjú yẹn ló ń bí ìbejì. Ní 1988, Craig Partridge kọ ìwé kúkúrú kan, RFC 1047, lórí ìdí tí lẹ́tà kan náà fi máa ń dé lẹ́ẹ̀mejì. Sáfà tó ń gba lẹ́tà ti gbà á, ṣùgbọ́n kó tó sọ pé òun ti gbà á, ẹni tó fi ránṣẹ́ ti rẹ̀wẹ̀sì, ó ti pa ẹsẹ̀ dà. Ó wá tún fi í ránṣẹ́. A kò lè fòpin sí i pátápátá. Ohun tí a lè ṣe ni pé kí a fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀ nínú àkójọ dátà, kí òṣìṣẹ́ máa yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gbé e, kí nọ́ńbà rísíìtì sì hàn kedere nínú lẹ́tà, kí ẹni tó rí méjì lè mọ̀ pé owó kan ṣoṣo ló jáde.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, 250 dé, inú wa dùn, síbẹ̀ lẹ́tà lè wà nínú spam. SPF ń sọ sáfà tó láṣẹ láti kọ̀wé lórúkọ yín, DKIM ń buwọ́ lu lẹ́tà náà, DMARC ń sọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe sí èyí tí kò bá yege. Láti oṣù kejì 2024, Google àti Yahoo ti sọ ọ́ di dandan fún àwọn tó ń fi lẹ́tà púpọ̀ ránṣẹ́ láti ní gbogbo rẹ̀. Google fi 5,000 lóòjọ́ sí i, ó sì ní kí ìwọ̀n àwọn tó ń pe lẹ́tà ní spam má ṣe dé ìdá 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Mẹ́ta péré nínú ẹgbẹ̀rún kan nìyẹn. Ẹ wá wo iléeṣẹ́ tó ń ti àdírẹ́sì kan náà kọ ìpolówó Kérésìmesì àti líǹkì pásíwọ́ọ̀dù. Ìpolówó á mú kí àwọn èèyàn bínú, ẹni tó gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù ló máa jìyà rẹ̀. Ẹ ya wọ́n sọ́tọ̀. Àdírẹ́sì tí lẹ́tà bá sì ti padà wá láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú 550, ẹ má kọ̀wé sí i mọ́, ẹ fi hàn lórí ojú ewé ẹni náà pé ímeèlì rẹ̀ kò dára, kó lè tún un ṣe.

Noreply ni ohun tó kù tí mo fẹ́ bẹ̀ yín lé lórí. A kọ̀wé sí èèyàn, a wá sọ fún un pé kó má dá wa lóhùn. Ìdákẹ́ tí àwa fúnra wa rà nìyẹn, nítorí pé oníbàárà ló kọ́kọ́ máa ń rí orúkọ tó bàjẹ́, owó tí kò pé àti líǹkì tó kú. Ẹ fi àdírẹ́sì tí èèyàn ń kà síbẹ̀. Ẹ sì bá mi lọ sórí ápù yín lónìí, ẹ fi orúkọ tó ní gbogbo àmì rẹ̀ forúkọ sílẹ̀, ẹ ṣí lẹ́tà tó bá dé lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú, ẹ kà á dé òpin, kí ẹ sì gbìyànjú láti fèsì sí i.